Owó Ìdúró

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà la ná an sí,
àlọ àti àbọ̀, láti gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde.
Mo ní bí mo bá dúró dè é, owó ìdúró lọ́tọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Gánà ni, Kòbínà lorúkọ rẹ̀,
ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu àwọn aládùúgbò wọn ní Kùmásí.
Ó ní kí n gbé òun lọ síbi tí wọ́n ti jagun.
Mo ní, "Ogun wo?"
Ó fa bébà yọ lápò, ó kà á
bí ẹni ń ka ìwé ara ìgò oògùn:
Ìmàgbọ̀n. Odò Yemọji. Oṣù Karùn-ún, ọdún 1892.

Ọdún méjìlá ni mo ti ń gba ọ̀nà yẹn.
Mo ti gbé adìẹ kọjá níbẹ̀, mo ti gbé aboyún,
mo gbé páànù òrùlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi létí.
N kò gbé ogun rí.

Lórí afárá, ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì.
Omi ń lọ lábẹ́ wa, kò yára, kò dúró,
ó pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí.
Ẹnìkan ti fọ aṣọ ilé-ìwé, ó sá a sára irin afárá.
Àlejò mi ń wá òkúta tí wọ́n kọ nǹkan sí,
ó ń wá àgbá, ó ń wá ẹni tí yóò já tíkẹ́ẹ̀tì fún un.
Mo tọ́ka sí igbó. Kí ni ǹ bá tún tọ́ka sí?

Ó tú áńkáṣíìfù. Bọ́tìnnì idẹ kan ló wà níbẹ̀.
"Bàbá tó bí bàbá bàbá mi, ọmọ ogun òyìnbó ni.
Ó dé ibí. Ẹsẹ̀ kan ló fi wálé,
kò sọ ibi tí ìkejì wà fún ẹnikẹ́ni."
Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú bàtà funfun,
mo wo tèmi lórí bíréèkì.

Nílé wa, wọ́n ní àjèjì kì í wọ Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́;
bó bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́.
Ìyá mi àgbà a máa fi fọ́nnu bó bá ń bó ẹ̀gẹ́.
Kò sọ ìyókù rí: àárọ̀ kan báyìí
tí àjèjì gbé ìbọn tí ń sọ̀rọ̀ láìmí wọlé,
tí alẹ́ sì lẹ́, tí ẹbọ di tiwa.

Ahéré kan wà níwájú, wọ́n ń yan gàrí níbẹ̀.
Mo bi Ìyá Ṣówùnmí léèrè ogun nínú èéfín.
"Èwo nínú wọn? Ti ilẹ̀ oko yìí
táwọn àbúrò ọkọ mi gbé kò mí lójú ni,
àbí èyí tí ọmọ mi lọ jà ní Líbẹ́ríà, tí ò tíì bọ̀?"
Kòbínà na bọ́tìnnì sí i.
Ó nu ọwọ́ nù mọ́ ìró, ó gbà á, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ wò
bí ẹni tí wọ́n ti fún ní owó ayédèrú rí.
"Ti ẹni tó pa wá nìyí?"
Mi ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Ó ti gbọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Ó dáa. Jókòó. Àpótí nìyẹn."

Ó po gàrí fún un, èyí tó kan gidi,
tó ń ta ahọ́n bí ìbáwí.
Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kíkan rẹ̀ ni.
Ìyá ní èéfín ni.
Èmi ò sọ tèmi.

Ó ní kí ìyá gba bọ́tìnnì náà. Ó kọ̀:
"Ẹ̀wù wo ni n ó rán an mọ́?"
Ó wá rọra béèrè: "Líbẹ́ríà, ṣé ó jìnnà sílé yín?"
Ó ní kò jìnnà púpọ̀, òun á bá a wádìí.
Irọ́ ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé gáréèjì.
Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ó ní èló lowó ìdúró.
Ìjẹ̀bú ni mí, n kì í gbàgbé owó.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: láti afárá dé ahéré,
láti ahéré dé...
Mo ní kó máa lọ, alẹ́ ti lẹ́.
Àjèjì àárọ̀ gba ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀,
ó gbé àpò gàrí mọ́ àyà.